Bàtà Ẹ̀yìnkùlé àti Ìwé Onídùúró

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Mọ́rẹ́nikẹ́, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Adó ti fi epo ọwọ́ rẹ̀ kun àpòòwé náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Mo kà á lójú ìyá rẹ, mo sì tún un kà nígbà tó lọ pọn omi. A dúpẹ́ pé o ríṣẹ́. A tún dúpẹ́ pé ọ̀gá rẹ fẹ́ fi ọ́ ṣe olórí àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tuntun rẹ̀, ìwọ tí o kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílùú. Ìyá rẹ jó yí ààrò ká. Mo ní kó rọra, kó má lọ taari ọbẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì míì wà nínú àpòòwé náà. Ọ̀kan ni ìwé onídùúró tí ọ̀gá rẹ ní kó padà dé ọwọ́ òun kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fi ẹlòmíì sípò náà. Èkejì ni ìbéèrè tí o tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn èèyàn máa ń kọ "ẹ bá mi kí gbogbo ilé" sí. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí ẹ máa sọ fún oníbàárà pé ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ara bàtà kánfáàsì tí ẹ ń tà ló fún òun láṣẹ láti tà á, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. O ní, "Bàbá, bàtà náà kò yàtọ̀ sí ojúlówó rárá. Ẹ̀yin gan-an á wò ó, ẹ ò ní mọ̀. Ṣé irọ́ náà ni?"

Irọ́ ni. Ǹ bá kọ ìyẹn nìkan kí n sì sinmi, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Ǹ bá sì pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún wa, àmọ́ káàdì á tán kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ìyá rẹ á sì máa já fóònù gbà lọ́wọ́ mi kó lè bèèrè bóyá o ń jẹun. Nítorí náà, wá ibì kan jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ èyí.

Ìkíní. Má ṣe tìtorí ojú ayé gbé ohun tí o mọ̀ pé kò dára wọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ṣúmẹ́kà ní Ìdó, ọmọge kan wà ní Ọ̀yẹ́ tí ọkàn mi ń fà sí. Ìyá rẹ ni. Mo fẹ́ lọ kí bàbá rẹ̀, mo sì ra bàtà gogoro kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ti Ìlọrin bọ̀, orúkọ òyìnbó wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Èmi tí mo ń kọ́ iṣẹ́ bàtà! Mo mọ̀ pé gìgísẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ jù. Mo mọ̀ pé òórùn tí mo ń gbọ́ kì í ṣe ti awọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ òórùn nígbà tí ìfẹ́ bá ti dí i nímú? Òjò ká mi mọ́ ojúde bàbá ìyá rẹ. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, gìgísẹ̀ ọ̀kan ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, nítorí páálí ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí mo dìde, ó dúró sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé uṣẹ́ tí ùwọ ń kọ́ rè é?" Títí dòní, bí a bá jà, gìgísẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé ayédèrú bàtà kò ní tàn mí mọ́. Mo sì mú ìbúra náà ṣẹ. Mo mọ bàtà, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

O rántí ṣọ́ọ̀bù mi ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, nígbà tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀, tí gbogbo ẹnu ń sọ pé ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ń bọ̀? Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí. Bí mo bá ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ á kọ lù mí, rédíò á máa sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta táyà, ìwọ á sì ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, wàá jókòó sábẹ́ tábìlì mi, wàá ki ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì bọ inú bàtà ọkùnrin kan ṣoṣo. Lákòókò kòkó, àwọn èèyàn á wá láti Ìpáò, láti Odò-Ọrọ̀, láti Ìfìsìn. Wọn kì í mú ọmọ dání. Wọ́n á ti gé imọ̀ ọ̀pẹ ní gígùn ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé, wọ́n á di imọ̀ náà pọ̀, wọ́n á máa fà á yọ níkọ̀ọ̀kan: "Ti Kẹ́hìndé rè é. Ti Dàda rè é, fi díẹ̀ kún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré." Mo máa ń mọ ọmọ tó dàgbà lọ́dún náà kí n tó fojú kàn án. Bí mo bá kọjá ibẹ̀ báyìí, mo máa ń fẹ́ yà wọlé, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ tí mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún onílé.

Ìgbà yẹn ni kánfáàsì gba ìgboro. Kò sí ọ̀dọ́ tó tún fẹ́ bàtà awọ mọ́. Ọkùnrin kan tí à ń pè ní Sámù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá fún mi láti Kùtọnu. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e dé, mo ti múra láti lé e jáde. Mo gbóòórùn bàtà náà. Mo ká a láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì padà sí ipò rẹ̀. Mo ka ìránṣọ rẹ̀, mo fi èékánná wa gọ́ọ̀mù etí rẹ̀. Mi ò rí àléébù kan. Mo bi Sámù léèrè bó ṣe jẹ́, ó sì sọ òótọ́ fún mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ilé iṣẹ́ kan náà ló ń rán gbogbo rẹ̀. Bí ẹni tó ni orúkọ bá ti gba iye tó ní kí wọ́n rán, wọn kì í pa ẹ̀rọ. Wọ́n á máa rán an lọ, aṣọ kan náà, òwú kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà. Èyí tó ní kí wọ́n rán á gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, èyí tó kù á gba ẹ̀yìn. Ẹni tó ni orúkọ kò ní gbọ́. Bàtà ẹ̀yìnkùlé ni àwa máa ń pè é láàárín ara wa.

Mo tà á. Ó tà wàràwàrà. Mi ò ní ṣe bí ẹni mímọ́ lójú rẹ, lára èrè bàtà Sámù ni a fi forúkọ rẹ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Bàbá Ògúndáre wọlé, àgbẹ̀ kan láti Ìpáò. Ògún ni gbogbo ìdílé wọn ń bọ, wọn kì í sì í fi í ṣeré. Ó mú imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo dání, gígùn ẹsẹ̀ Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ti mú Bọ́sẹ̀ pé kó wá sáré ní Adó lórúkọ àwọn ilé-ìwé agbègbè wa, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lásán ló fi ń sáré látijọ́. Bàbá náà kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín. Mo gbé kánfáàsì funfun onílà búlúù kan lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ṣé éè ṣe urú èyí tó já mọ́ ọmọ àbúrò mi lẹ́sẹ̀?"

Àwọn èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì: tíṣà kan, àti obìnrin méjì tó ń dúró de bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ara mi yá gágá. Mo ní ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ yìí gan-an ló fún mi láṣẹ láti tà á. Mo tún ní, bó bá ya láàárín ọdún kan, kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Adó, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní èyí kejì yìí o. Èmi ni mo fi kún un fúnra mi.

Bàbá náà wò mí. Ó nàka sí ẹsẹ̀ irin mi, èyí tí mo máa ń fi bàtà bọ̀ bí mo bá fẹ́ kan ìṣó. Ó ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, fẹnu kan urin."

O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹnu kan irin ti pe Ògún sí ọ̀rọ̀ náà, kò tún sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà, èmi tí mo ń kọrin nínú kwáyà, irin lásán ni mo rí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúndáre kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ti ń nájà látìgbà tó wọlé, mo sì ti ń múra láti já a wálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹnu kan irin, kò nájà mọ́. Iye tí mo kọ́kọ́ pè ló san.

Bọ́sẹ̀ sáré náà, ó ṣe ipò kejì. Ìròyìn dé Ìkọ̀lé, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé bàtà mi ló sáré. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, imú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Nǹkan kékeré ni. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ni, ǹ bá ti tún un ṣe kó tó mu ife omi kan tán. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò gbé e wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé èmi ni mo ní kó gbé e lọ sí Adó. Ó wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí tuntun, ó wọkọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n wo nọ́ńbà tó wà nínú ahọ́n bàtà náà, wọn kò rí i nínú ìwé wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń tajà níbẹ̀ pariwo lé e lórí pé olè ni, pé irú wọn ló ń kó ọjà gba ẹ̀yìn wọlé. Èrò yí i ká. Wọ́n gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dúpẹ́ pé àwọn kò pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin tí kò já kòkó olóko rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ló bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì tó sì wọlé tọ̀ mí wá. Mo rò pé á pariwo. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ùwọ lo fẹnu kan urin, èmi ni ọ́n pè lólè."

Mo sáré ṣí àpótí. Mo ní kó gba owó rẹ̀, kó mú bàtà míì, kó mú méjì. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ní, "Ká jọ lọ s'Ádó lọ́la. Wí fún ọn pé ùwọ lo tà á fún mi." Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè nìyẹn, pé kí n dúró níbi tí wọ́n ti pe òun lólè, kí n sọ lójú àwọn tó gbọ́ ọ pé èmi ni.

Mi ò lọ, Àṣàkẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé ọjà mi, mo ní ọ̀rọ̀ náà á dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ bá a lọ. Ìtìjú éè pa ni." Mo ní kó lọ wo ohun tó gbé kaná. Mo bẹ bàbá náà pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí àkókò kòkó tún dé, àwọn ará Ìpáò á kí mi dáadáa, wọ́n á bi mí léèrè ìwọ náà, wọ́n á wá gbé imọ̀ ọ̀pẹ wọn kọjá lọ sọ́dọ̀ ṣúmẹ́kà tó wà níwájú. Ẹnikẹ́ni kò bú mi.

Ògún kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Hámà kò já lé mi lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ kò dojú dé mọ́ mi lórí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Bàbá náà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tọkàntọkàn nítorí ohun tó mọ̀ sí mímọ́, èmi sì fi ohun mímọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ó dáa. Mo ti ń ka ìmọ̀ràn, mo sì ti gbàgbé ibi tí mo kà á dé. Kò burú, ṣáà máa gbà á bó ṣe ń bọ̀.

Bàtà lè jẹ́ ojúlówó, kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á jẹ́ ayédèrú. Ohun tó tàn mí nìyẹn. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí bàtà bá ti dára, ohunkóhun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ náà dára. Mi ò sọ pé kí o má ta bàtà ọ̀gá rẹ. Ta ni mí, tí mo ti jẹ lára rẹ̀? Bí ẹnì kan bá bèèrè, sọ fún un pé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ni, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ni orúkọ kò rán wa, bó bá ya, ọ̀dọ̀ wa ni kó gbé e wá. Ẹlòmíì á rà á, ẹlòmíì á kọjá lọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Jẹ́ kó kùtà díẹ̀. Kò sì burú kí o máa rò ó lọ́kàn pé ẹnì kan ló fi òógùn rẹ̀ sọ orúkọ yẹn di orúkọ. Bí ẹnì kan bá ń fi òǹtẹ̀ mi lu bàtà lẹ́yìnkùlé mi, mo lè gbé òòlù tọ̀ ọ́.

Má ṣe ṣèlérí tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo fi kún ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló gbé bàbá olóore lọ sí Adó.

Bí o bá sì ṣẹ ènìyàn, fetí sí ohun tó ń bèèrè gan-an. Má ṣe fi owó dí ẹni tó ń bèèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́nu. Tètè lọ pẹ̀lú, nígbà tí àwọn tó gbọ́ ọ ṣì wà níbẹ̀.

Máa jẹun láàárọ̀. Kí ìyá onílé rẹ kí o tó jáde. Má yá ẹnikẹ́ni ní bàtà ṣọ́ọ̀bù wọ̀ lọ òde, ẹsẹ̀ èèyàn kì í jọra.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mi ò lè bu ọwọ́ lu ìwé onídùúró náà. Mo gbé bírò, mo gbé e sílẹ̀. Lánàá mo wọkọ̀ lọ sí Ìpáò. Mo bá Bàbá Ògúndáre níbi tó ti ń tú kòkó tó sá sórí ẹní. Orí rẹ̀ ti funfun báláú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ s'Ádó."

Ó pẹ́ kó tó mọ̀ mí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ádó kẹ̀? Ọ́n ti kó lọ. Ulé oògùn ni ọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Yèsí à á lọ wí fún?"

Kò sí ẹni tí a fẹ́ lọ sọ ọ́ fún mọ́. Ọmọbìnrin tó pariwo ti lọ, èrò ti túká, gbogbo wọn gbé orúkọ olè tí wọ́n sọ bàbá náà lọ sílé wọn, kò sì sí bí a ṣe lè kó o padà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó ti kòkó náà, mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún, kò ní kí n dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó bi mí léèrè ohun tó gbé mi wá lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, mo sì fi ìwé náà hàn án. Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á tán, ó bèèrè pé, "Ọmọ rẹ yẹn, ṣé á purọ́ fún ẹni tó bá wá rajà?" Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ.

Onídùúró méjì ni ọ̀gá rẹ ń fẹ́. Mo ti kọ orúkọ mi, mo ti bu ọwọ́ lù ú, mo sì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ tí kò bèèrè: "Mo dúró fún un pé yóò sọ ibi tí bàtà ti wá fún gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè." Àmì dúdú tó wà ní àyè kejì kì í ṣe ìdọ̀tí. Mo já ìdí bírò mi, mo fi yíǹkì rẹ̀ kun ìka Bàbá Ògúndáre, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó ní, "Wí fún un pé mo dúró fún un. Ẹni yòówù tó bá wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣe bí ẹni pé èmi ni."

Bí ọ̀gá rẹ bá gba ìwé náà pẹ̀lú gbólóhùn yẹn, ṣiṣẹ́ fún un tọkàntọkàn. Bí kò bá gbà á, ṣe pẹ̀lẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o gbé e bọ̀ wá sílé. Má jẹ́ kó ya á. Ìka bàbá náà wà lára rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
ṣúmẹ́kà Ìkọ̀lé.